KÓNÍLÉ-Ó-GBÉLÉ: TA LÓ JẸ OJÚ OWÓ ÌYÁ OLÓÚNJẸ?

Ọ̀rọ̀ kòrónà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn báyìí. Ìbòmú tí gbogbo ayé ń lé kiri lọ́dún 2020 ti di ohun tí wọ́n fi ń nu tábìlì nílé ẹlòmíì, ike omi tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà báńkì fún ọwọ́ fífọ̀ ti gbẹ, wọ́n sì ti gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gba Àpọ́ńgbọ́n wọ Ìdúmọ̀tà, tó gba Ẹnu Ọwá já sí Ìdúmágbò, tó sì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ọjà ń bá ara wọn sọ, kò ní pẹ́ kó tó gbọ́ ẹni tó máa sọ pé, "Láti ìgbà kòrónà ni ọwọ́ mi ò ti balẹ̀ mọ́." Ẹni náà lè má ṣàìsàn rárá o. Kò wúkọ́, ara rẹ̀ ò gbóná. Ọjà rẹ̀ ló kú.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọkùnrin ará Ítálì kan tó wọ Èkó ní ọjọ́ méjì ṣáájú ti kó àrùn náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní Yaba. Kò tó oṣù kan sí i tí ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi kéde pé, láti ọjọ́ 26 oṣù kẹta, kí ọjà gbogbo wà ní títì, àfi àwọn tó bá ń ta oúnjẹ, oògùn, omi àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú 29 oṣù kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kí onílé gbélé l'Ékòó, ní Ògùn àti ní Àbújá fún ọjọ́ 14.

Ìròyìn yìí kò bá ọjà Èkó lórí ìdúró o. Ó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ti ẹnubodè, tí owó ìrẹsì sì gun òkè àjà. Oṣù kọkànlá ọdún kan náà, iná jó ilé ọjà ní Balógun, ẹrù ènìyàn di eérú. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, iná tún jó ní Balógun. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Máruwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island wà lára wọn, àwọn èrò wá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọbáléńdé bí ẹni ń lọ Mẹ́kà. Ọjọ́ 1 oṣù kejì náà ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kúrò ní náírà 5 nínú 100, tó di 7.50. Gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí kòrónà tó dé. Ẹni tí wọ́n ti gbá létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbájú kẹrin ò nílò kó lágbára kó tó gbé e ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú ẹni tó pọ̀ bí eṣú káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá Olóúnjẹ ni ká pè é. Ìdí ìkòkò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópó kan tó já sí Ìdúmọ̀tà. Àwọn alábàárù tó ń ru aṣọ, àwọn awakọ̀ dánfó àti kọ́ndọ́ wọn, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti àwọn ọmọ tó ń bá oníṣọ́ọ̀bù tajà, àwọn ni oníbàárà rẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀bà, ẹran tàbí pọ̀nmọ́, bí agbára oníkálukú bá ṣe mọ. Ká ní ojú owó rẹ̀ jẹ́ N30,000. Owó yìí ló ń yí bírípó: ó fi ra ọjà láàárọ̀, ó padà sí i lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, èrè tó wà lórí rẹ̀ ni òun àti ọmọ mẹ́rin ń jẹ. Ibẹ̀ ló ti ń dá N500 fún alájọ, ibẹ̀ ló ti ń sanwó fún mẹ́ruwà tó ń gbé omi wá. Ká ní jíjẹ mímu nínú ilé jẹ́ N2,000 lójúmọ́.

Ìjọba ò sọ pé kí Ìyá Olóúnjẹ má tajà. Oúnjẹ wà lára ohun tí òfin yọ̀ǹda, wọ́n kàn ní kí oníbàárà má jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀ ni, kó gbé e lọ sílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ rà á? Ọjà aṣọ ti tì, alábàárù ò rí ẹrù rù. Dánfó ò kó èrò wá sí Ìdúmọ̀tà mọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Òfin ka oúnjẹ, kò ka ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Òkè-òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé irú ètò yìí jáde, níbi tí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ti máa ń wà nínú fíríìjì, tí owó oṣù sì ń wọ báńkì bóyá ènìyàn jáde nílé tàbí kò jáde. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, inú ọjà ni fíríìjì wà.

Báyìí ni owó Ìyá Olóúnjẹ ṣe dúró sójú kan. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ó yọ N2,000 nínú N30,000. Ọjọ́ kejì, ó tún yọ N2,000. Ta ló máa bá a wí? Ọmọdé ò mọ̀ pé ojú owó ni òun ń jẹ, ó ṣáà mọ̀ pé ebi ń pa òun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrìnlá, N28,000 ti wọ ikùn, ó ku N2,000 péré nídìí ìró. Ọjọ́ kẹrìnlá yẹn ni ọjọ́ 13 oṣù kẹrin. Ọjọ́ náà gan-an ni Ààrẹ tún padà sórí afẹ́fẹ́, tó fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. Nígbà tí ìyẹn ń parí lọ, wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, ó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó tú ìlú sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà níta láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè fi ná owó ọ̀sẹ̀ méjì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ẹ fojú inú wo òun àti alájọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú ìlú sílẹ̀:

"Alájọ, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, kò mà sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi o."

"Màmá, ẹ ti gba tiyín tán nínú oṣù kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ rán ọmọ wá, àbí ẹ ẹ̀ rántí?"

"Mo rántí. Wá yá mi ní ẹgbàárùn-ún, ọmọ mi. N ó máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Gbogbo yín náà lẹ ní kí n yá yín. Àwọn tí ò tíì gba tiwọn gan-an ń wá mi kiri. Níbo ni kí n ti rí i?"

Ọ̀dọ̀ olówó èlé ló kù. Ẹni tó bá sì gba owó èlé láti fi se oúnjẹ tà, ó di dandan kó dín ìrẹsì inú àwo kù tàbí kó fowó lé e, oníbàárà tí òun náà ti jẹ ojú owó tirẹ̀ tán yóò sì máa ṣépè. Ohun tó ń da ọjà rú nìyẹn, kì í ṣe ìlara àti ìwà burúkú nìkan gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn olóúnjẹ nìkan ni. Ẹ wo ti ówàḿbẹ̀. Wọ́n ní kí ènìyàn má péjọ, ìgbéyàwó dúró, ìsìnkú dúró, ìkómọ di ti ìdílé nìkan. Ọjọ́ tí ówàḿbẹ̀ kan ò bá wáyé, ẹ ka iye ènìyàn tí kò jẹun: ẹni tó ń ta léèsì àti gèlè ní Balógun, télọ̀, ẹni tó ń yá ènìyàn ní àga àti ìbòòji, onílù, onífọ́tò, alásè, ẹni tó ń fọ àwo lẹ́yìn alásè. Àwẹ̀ Ràmàdáánì sì bọ́ sí àárín rẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà ní títì. Ìtúnu àwẹ̀ dé nínú oṣù karùn-ún, wọn ò lè kírun ní yídì. Iléyá kọjá ní ọjọ́ 31 oṣù keje, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó ṣí mọ́ṣáláṣí Èkó padà. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ọdún méjèèjì yìí ni aláṣọ fi ń san gbèsè ọdún tó kọjá.

Àjọ tó ń ka ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí, National Bureau of Statistics, bi àwọn ènìyàn léèrè ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún. Nínú ẹni 100 tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn tó dé, 42 ló sọ pé àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí kòrónà. Nígbà tí wọ́n ka oṣù mẹ́ta àárín ọdún náà pọ̀, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti sún kì, ó dín ní 6.1 nínú 100 sí ti ọdún tó ṣáájú.

Ṣé ká wá sọ pé irọ́ ni àrùn náà? Rárá o. Àwọn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ pé àrùn olówó ni, pé àwọn tó ń wọ bàálù ló ń pa. Lóòótọ́, ó pa àwọn ènìyàn ńlá, Abba Kyari tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ Ààrẹ kú ní oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn tó bá a lọ ní Nàìjíríà. Èkó sì ti bá àrùn jà rí tó sì borí. Oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé Ebola wọlé láti Làìbéríà, ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléńdé, ní Erékùṣù yìí kan náà, ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀, ó ní kò ní jáde, ẹ̀mí ara rẹ̀ sì bá a lọ. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú, ó sì parí ní oṣù kẹwàá. Wọ́n tọpa ẹni tó fara kan aláìsàn láti ilé dé ilé, wọn ò ti Ìdúmọ̀tà. Kòrónà yàtọ̀ o, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, ẹni tó ní i lè máa rìn lọ rìn bọ̀ láìmọ̀. Ìjọba ní ìdí láti bẹ̀rù. Ohun tó dùn àwọn ènìyàn ni pé wọ́n ṣírò ìbẹ̀rù náà dáadáa, wọn ò ṣírò ebi.

Òfin tí Ààrẹ gbọ́kàn lé nígbà tó ti ìlú pa kì í ṣe òfin tuntun. Quarantine Act ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1926 ni òyìnbó ṣe é. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nígbà náà? Àrùn eku, tí òyìnbó ń pè ní plague, ló wọ ìlú ní 1924, tó sì ń pa ènìyàn títí di nǹkan bí ọdún 1930. Àárín rẹ̀ ni òfin yìí jáde. Ó fún ìjọba lágbára láti kéde pé àrùn wà ní àgbègbè kan, láti dá ọkọ̀ dúró, láti dá ènìyàn dúró. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá rú u ni owó ìtanràn N200 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. N200! Ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣí ìwé náà wò. Ìjọba Èkó ní òfin tirẹ̀, òun ni wọ́n fi mú òṣèré Fúnkẹ́ Akíndélé àti ọkọ rẹ̀ nígbà náà lórí àpèjẹ ọjọ́ ìbí, N100,000 ni wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn san. Fún mẹ̀kúnnù tó jáde wá oúnjẹ, pàṣán ni. Ìyẹn tún sàn. National Human Rights Commission, àjọ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, sọ pé nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn, ènìyàn 18 ni àwọn agbófinró pa káàkiri orílẹ̀-èdè nídìí lílé ènìyàn wọlé.

Àrùn eku yẹn náà ló fà á tí wọ́n fi dá LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ tó ń tún ìlú tò, tó ń wó ilé tó bá fún pọ̀ jù. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó ò lè gbàgbé èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nígbà tí LEDB wó ilé rẹpẹtẹ láàárín Erékùṣù tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Ilé tuntun dára, afẹ́fẹ́ wà, omi wà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris ṣèwádìí lórí wọn, ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń tajà ti pàdánù oníbàárà, owó mọ́tò láti Súrùlérè wá sí Erékùṣù ń jẹ èrè, ẹbí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ ti tú ká. Ìjọba mú wọn kúrò nínú ìdọ̀tí, ó sì mú wọn kúrò nídìí ọjà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló padà wá ní 2020.

Wọ́n ṣe ìrànwọ́ o, ká má purọ́ mọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, Gómìnà Sanwó-Olú kéde oúnjẹ fún ìdílé 200,000: ìrẹsì, gààrí, ẹ̀wà, búrẹ́dì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ènìyàn mẹ́fà wà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ó di mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ènìyàn ìlú yìí lé ní ogún mílíọ̀nù. Ẹni mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Àwọn mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún tó kù ń wo ojú ọ̀nà. Ní ti ìjọba àpapọ̀, N20,000 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fún ìdílé tálákà, ìyẹn N5,000 oṣù kan lọ́nà mẹ́rin. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ìdílé mílíọ̀nù 2.6 ló wà nílẹ̀ fún odindi Nàìjíríà, Ààrẹ sì ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù kan kún un. Ìwé orúkọ tí wọ́n dìídì ṣe fún tálákà inú ìlú ńlá, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣí i. Ìyá Olóúnjẹ ti jẹ ojú owó rẹ̀ tán láti oṣù kẹsàn-án sẹ́yìn.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá, ojú owó ló ń jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì 2020, dọ́là 57 ni wọ́n fojú díwọ̀n àgbá epo rọ̀bì kan. Ní oṣù kẹrin, epo wálẹ̀ débi pé kò tó dọ́là 20. Kí ni ìjọba ṣe? Ó gba ọ̀dọ̀ IMF lọ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, IMF yá Nàìjíríà ní bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, èlé rẹ̀ kéré, ọdún bíi mélòó kan sì ni wọ́n fi máa san án. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jọra. Ìjọba jẹ ojú owó rẹ̀ tán, ó rí ẹni yá a láìní i lára. Ìyá Olóúnjẹ náà jẹ tirẹ̀ tán, olówó èlé àdúgbò ni IMF tirẹ̀.

CBN, báńkì àgbà, náà gbé bílíọ̀nù 50 náírà kalẹ̀ láti yá ìdílé àti àwọn tó ń ṣòwò kéékèèké. Ìdílé lè gbà tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè BVN, wọ́n béèrè fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n béèrè bí òwò rẹ ṣe rí kí àrùn tó dé. Ìwé wo ni ẹni tó ń se ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópó máa mú jáde? Ìkòkò?

Lẹ́yìn náà ni ti ilé ẹrù Maza-Maza. Àwọn olówó ìlú tó kóra jọ tí wọ́n ń pè ní CACOVID ti ra oúnjẹ fún mẹ̀kúnnù. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2020, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìbọn Lẹ́kì, àwọn ènìyàn já wọ ilé ẹrù náà, wọ́n bá oúnjẹ níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe títà. Wọ́n kó o lórí, wọ́n kó o sínú kẹ̀kẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ṣàlàyé pé àwọn ò fi oúnjẹ pamọ́ fún ara wọn, pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń tọ́jú apá kan de ìgbà tí àrùn náà bá tún padà wá ni. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ni ebi pa ènìyàn, oṣù kẹwàá ni wọ́n rí ìrẹsì. Olè jíjà ò dáa, kò sì sí ẹni tó yẹ kó yìn ín. Ẹni tó bá bá ìyá àgbàlagbà kan pàdé tó ru páálí índómì sórí lọ́jọ́ yẹn, ó ṣòro láti mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn sọ sí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, Lagos Island sì wà lára ibi tó ti le jù. Ìjọba ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ófíò tí wọ́n ń ta nínú ike láìgba àṣẹ ló dá a sílẹ̀. Wọn ò ti ìlú pa lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kan kìlọ̀ ni. Síbẹ̀, ẹni tó mọ bí ọjà ṣe rí mọ ohun tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ẹni tó ń po ófíò tà, títí kan èyí tó ń fọ ike rẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tó gbé ìwé jáde láti kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Òkè Pópó dé Lafíàjì, láti Àgárawù dé Adénìjí Adélé. Ta nínú yín ló gba N20,000 yẹn? Ta ló gba owó CBN, ìwé wo lẹ sì mú lọ? Ẹni tó bá gbà á, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ojú ewé àwọn òǹkàwé, kó sọ ọjọ́ tó gbà á àti ọ̀nà tó gbà rí i. Ẹni tí kò gbà á, kó kọ iye tí ojú owó rẹ̀ jẹ́ ní oṣù kẹta 2020 àti iye tó kù ní oṣù karùn-ún.